Ahoro San Gervasio ní Erékùṣù Cozumel: Ohun tí Ilé Kékeré Ń Wí

Nínú àwọn ènìyàn tí ń lọ wo ahoro ìlú àwọn Maya ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ti kọ́kọ́ dé Chichén Itzá kí wọ́n tó rékọjá sí erékùṣù Cozumel. Ní Chichén Itzá wọ́n ti rí ilé òrìṣà kan tí ó ga tó nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí a fi òkúta gbígbẹ́ kọ́, tí àtẹ̀gùn sì wà ní ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti wòkè títí ọrùn fi dùn wọ́n. Nígbà tí irú wọn bá wá dé San Gervasio, tí í ṣe ahoro tí ó lókìkí jù lọ ní Cozumel, ìrẹ̀wẹ̀sì a bá wọn. Ilé kéékèèké ni wọ́n ń bá nínú igbó. Ẹnu ọ̀nà òmíràn kò gba àgbàlagbà láìtẹríba. Ìbéèrè tí ó sì máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti bèèrè rẹ̀ rí, wọ́n sì ti dáhùn rẹ̀ lódì fún ọdún púpọ̀. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn tí baba ńlá wọn kọ́ ilé gogoro wá máa kọ́ ilé kékeré? Ṣé àárẹ̀ ni ó mú wọn, àbí ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń wò ní San Gervasio gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

ERÉKÙṢÙ ALÁPÀÁǸDẸ̀DẸ̀

Inú Òkun Kàríbíà ni Cozumel wà, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yucatán. Ó gùn tó nǹkan bí máìlì 30, ó sì fẹ̀ tó máìlì 10. Omi tí ó là á kúrò lára ilẹ̀ ńlá fẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 12. Orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Maya wá: cuzam ni wọ́n ń pe alápàáǹdẹ̀dẹ̀, Cuzamil sì ni ibi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gbé pọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkúta ẹfun sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sí odò tí ń ṣàn lórí rẹ̀, nítorí pé bí òjò bá ti ń rọ̀ ni òkúta ń fà á mu. Inú ihò jíjìn tí òkúta là sílẹ̀, tí àwọn Maya ń pè ní dzonot, ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń rí omi mu. Ibi tí omi bá wà ni ènìyàn ń tẹ̀dó sí. Èyí wà lára ìdí tí ìlú tí à ń pè ní San Gervasio fi wà láàárín erékùṣù, tí kò sí ní etí òkun.

Láyé òde òní, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ láti ìlú Playa del Carmen lọ sí San Miguel, olú ìlú erékùṣù náà. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Ọ̀nà tí àwọn àtijọ́ gbà náà kò jìnnà sí èyí. Xamanha ni wọ́n ń pe ibi tí Playa del Carmen wà nísinsìnyí. Polé ni ebúté mìíràn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí à ń pè ní Xcaret lónìí. Láti ibẹ̀ ni àwọn onísìn ti ń wọ ọkọ̀ tí a fi igi kan ṣoṣo gbẹ́, tí wọ́n sì ń tukọ̀ lójú omi tí ìṣàn rẹ̀ lágbára púpọ̀. Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ láyọ̀ ti ní ìdí láti dúpẹ́ kí ó tó dé ojúbọ rárá.

ÌRÌN NÍNÚ AHORO

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àlejò ṣàkíyèsí ní San Gervasio ni ọ̀nà. Àwọn Maya ń pè é ní sacbé, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọ̀nà funfun. Wọ́n a to òkúta jọ kí ilẹ̀ ọ̀nà lè ga ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ, wọ́n a sì da yanrìn òkúta ẹfun lé e, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Bí òṣùpá bá yọ, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a máa hàn kedere nínú òkùnkùn igbó. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni ó so agbolé kan mọ́ èkejì, nítorí pé San Gervasio kì í ṣe ìlú tí a kó jọ sójú kan. Agbolé-agbolé ni, tí igbó àti oko sì wà láàárín wọn.

Ní ojú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni ẹnu ọ̀nà olókùúta kan gbé wà, tí ẹni tí ń wọ ìlú ń gbà kọjá. Nítòsí rẹ̀ ni ilé òrìṣà kékeré kan wà tí à ń pè ní Nohoch Nah, èyí ni Ilé Ńlá. Pẹpẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ibẹ̀ rò pé níbẹ̀ ni àlejò ti ń fi ọrẹ lélẹ̀ bí ó bá ń wọlé tàbí bí ó bá ń jáde lọ. Níbòmíràn ni Ka'na Nah wà, èyí ni Ilé Gíga, tí a kọ́ lé orí ìpìlẹ̀ alákàsọ̀. Ní ìgbà ayé rẹ̀, wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa, aró àti dúdú kùn ún. Ilé mìíràn tún wà tí àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń pè ní Las Manitas, nítorí àmì ọwọ́ tí a fi ọ̀dà pupa tẹ̀ sára ògiri rẹ̀. Ọwọ́ náà kò tóbi. Ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n kò fi orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárín ìlú ni ìta gbangba kan wà tí ilé yí ká. Ìpìlẹ̀ òkúta àti kùkùté òpó ni ó kù lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níbí ni ojú àlejò ti máa ń tàn án. Òkúta nìkan ni ó ń rí, ó sì ń rò pé òkúta nìkan ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe òrùlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọ̀nyí; igi ti jẹrà, imọ̀ ti di ilẹ̀, ọ̀dà ti ṣí, òjò sì ti wẹ ẹfun lọ. Egungun ìlú ni ó kù. Kò sí ẹni tí ó lè fi egungun nìkan mọ bí ẹwà ara ti rí.

Ẹnu ọ̀nà tí ó rẹlẹ̀ àti yàrá tí ó há náà ní ìdí tiwọn. Nígbà tí àwọn Maya bá fẹ́ fi òkúta bo ilé lórí, wọ́n a máa to òkúta lé orí òkúta láti ìhà méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa yọ síwájú díẹ̀ ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, títí ìhà méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé; nígbà náà ni wọn yóò fi òkúta pẹrẹsẹ dé e. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ̀, bí ó ti wù kí ọ̀mọ̀lé mọ iṣẹ́ tó. Ilé òrìṣà kò sì ṣe dandan kí ó fẹ̀: àwọn tí iṣẹ́ bá kàn ni ó ń wọ inú rẹ̀, ìta gbangba ni gbogbo ènìyàn ń dúró sí.

ÌDÁJỌ́ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ

Àwọn òpìtàn pín ìgbà àwọn Maya sí ọ̀nà mélòó kan. Láti nǹkan bí ọdún 250 sí 900 lẹ́yìn ìbí Jésù ni ìgbà tí wọ́n kà sí ìgbà ògo wọn. Ní àkókò náà ni àwọn ọba ní Tikal, ní ilẹ̀ Guatemala òde òní, kọ́ ilé òrìṣà tí ọ̀kan nínú wọn ga ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lẹ́yìn èyí, ìjọba àwọn ìlú ńlá gúúsù fọ́, igbó sì bò wọ́n. Chichén Itzá lókìkí, òun náà sì rọ̀. Mayapán rọ́pò rẹ̀, òun náà sì tú ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún-dín-lógún. Láti nǹkan bí 1200 títí tí àwọn ará Sípéènì fi dé ni San Gervasio gbilẹ̀ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbolé kan níbẹ̀, tí à ń pè ní Murciélagos, dàgbà ju èyí lọ dáadáa.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó pe ìgbà ìkẹyìn yìí ní ìgbà ìdíbàjẹ́. Ẹ̀rí wọn ni pé ilé kéré, òkúta ògiri kò dọ́gba, iṣẹ́ ọnà kò dán mọ́, wọ́n sì ń fi ohun ìtẹ̀ ṣe ère amọ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu dípò kí wọ́n máa fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú wọn, ọmọ kò lè ṣe ohun tí baba ṣe. Nítorí náà ọmọ ti bàjẹ́.

Ní 1972 àti 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn kan láti Yunifásítì Harvard àti Yunifásítì Arizona, tí Jeremy Sabloff àti William Rathje ṣe olórí wọn, wá ṣe iṣẹ́ ní Cozumel. Wọn kò wo ilé òrìṣà nìkan. Wọ́n wo ìpìlẹ̀ ilé mẹ̀kúnnù, ọ̀nà, ògiri tí ó pín oko sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti àwọn pẹpẹ òkúta gbàràmù-gbaramu tí kò ní ilé òrìṣà lórí. Èrò tí wọ́n mú jáde yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣáájú. Wọ́n ní ibùdó òwò ni Cozumel. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn pẹpẹ wọ̀nyí jẹ́ ibi tí a ń kó ọjà pamọ́ sí, níbi tí ìjì òkun kò ti lè tètè gbé e lọ, tí olè orí omi kò sì ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjà náà kì í ṣe ọjà yẹpẹrẹ. Láti etí òkun àríwá Yucatán ni iyọ̀ ti ń wá. Láti inú igbó Yucatán, oyin àti aṣọ òwú. Láti Tabasco ní ìwọ̀-oòrùn, kòkó. Láti orí òkè Guatemala, òkúta dúdú tí ń dán bí dígí, tí a fi ń ṣe abẹ. Ojú omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà yí ilẹ̀ Yucatán ká. Ní 1502, nígbà ìrìn-àjò kẹrin Christopher Columbus, àwọn ènìyàn rẹ̀ pàdé ọkọ̀ oníṣòwò kan nítòsí erékùṣù Guanaja, ní etí òkun Honduras. Igi kan ṣoṣo ni a gbẹ́ ọkọ̀ náà, síbẹ̀ ó fẹ̀ tó 8 ẹsẹ̀ bàtà. Ó ní ìbòrí láàárín, aṣọ òwú aláràbarà, àáké bàbà, agogo bàbà àti èso kòkó sì kún inú rẹ̀. Ferdinand, ọmọ Columbus, ṣàkíyèsí pé bí èso kòkó kan bá jábọ́, kíá ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Kò yé e nígbà náà pé owó ni kòkó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọrọ̀ àwọn Maya ìgbà ìkẹyìn kò parẹ́. Ibi tí wọ́n ń ná an sí ni ó yí padà. Ọba ìgbà Tikal fi agbára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ́ ilé kan tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ ró. Oníṣòwò Cozumel fi tirẹ̀ ṣe ọkọ̀, ọ̀nà àti àká. Kò fi oṣù púpọ̀ gbẹ́ òkúta tí a óò fi ẹfun bò mọ́lẹ̀. Ó to òkúta bí ó ti rí i, ó rẹ́ ẹ dáadáa, ó kùn ún, ó sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra a máa bọ́ni láṣọ. Ojú àná ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣáájú fi wo Cozumel.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni ó gba èrò yìí tán. Àwọn kan wí pé a kò gbọ́dọ̀ fi òwò bo ẹ̀sìn mọ́lẹ̀, nítorí pé ìkórajọ níbi òrìṣà ni ó ń mú kí ọjà kún, ààbò òrìṣà ni ó sì ń mú kí àjèjì fọkàn tán ara wọn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá orúkọ ìdíbàjẹ́ padà. Ó fi hàn pé ìlú náà ní ìdí méjì láti wà, dípò ẹyọ kan.

IXCHEL ÀTI ẸNI TÍ Ń FỌHÙN

Òrìṣà tí a mọ Cozumel mọ́ ni Ixchel. Àkọsílẹ̀ kan tí àwọn ará Sípéènì ṣe ní 1579 dárúkọ rẹ̀. Diego de Landa, àlùfáà tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Yucatán, kọ ọ́ pé òun ni òrìṣà ọmọ bíbí àti ìwòsàn, àti pé àwọn agbẹ̀bí a máa gbé ère rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn aboyún tí ń rọbí. Ó tún sọ pé bí àwọn Kristẹni ti ń lọ sí Jerúsálẹ́mù àti Róòmù ni àwọn Maya ń lọ sí Cozumel, àti pé ẹni tí kò lè lọ a máa fi ọrẹ rán ẹlòmíràn. Àwọn tí ń mú àlejò kiri lónìí sábà máa ń wí pé Ixchel ni òṣùpá, àti pé gbogbo obìnrin Maya ni ó gbọ́dọ̀ lọ sí Cozumel lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Nínú àwọn ìwé aláwòrán tí àwọn Maya fúnra wọn kọ, òrìṣà òṣùpá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin; èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí Ixchel jẹ́ ìyá arúgbó tí ń da omi sílẹ̀ láti inú ìkòkò. Àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò sì sọ pé àwọn obìnrin nìkan ni ó ń lọ. Ọkùnrin ń lọ, àwọn ìjòyè náà sì ń lọ.

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa Cozumel ni ti ère tí ń sọ̀rọ̀. Francisco López de Gómara kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1552 pé ère amọ̀ ńlá kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a fi ẹfun lẹ̀ mọ́ ògiri. Pé yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn abọrẹ̀ ń gbà wọ inú ère lọ, tí wọ́n sì ń dá àwọn tí ó wá bèèrè ọ̀rọ̀ lóhùn. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan rò pé irú ère bẹ́ẹ̀ lè ti wà ní Ka'na Nah. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí ohun méjì. Èkíní, Gómara kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí. Àlùfáà Cortés ni, ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ. Èkejì, ilé tí àwọn ọmọ ogun Cortés rí ní 1519 wà nítòsí èbúté, San Gervasio sì wà nínú igbó láàárín erékùṣù. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan tọ́ka sí Ka'na Nah, tí ó sì fi èkejì ṣí ìwé Gómara, ti so ohun méjì pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí so.

Ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ju ti ère kan lọ. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀sìn Cozumel, ẹnu àwọn tí ó wá pa á run ni a ti gbọ́ ọ. Landa kan náà tí ó kọ̀wé nípa Ixchel ni ó pàṣẹ pé kí a dáná sun ìwé àwọn Maya ní ìlú Maní ní 1562. Nínú gbogbo ìwé wọn àtijọ́, mẹ́rin péré ni ó kù ní gbogbo ayé. Òkúta tí ó dákẹ́ ní San Gervasio wà lára ẹlẹ́rìí díẹ̀ tí kò ti ẹnu ọ̀tá wá.

BÍ ÌLÚ ṢE DI AHORO

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 1518 ni Juan de Grijalva gúnlẹ̀ sí Cozumel. Àlùfáà tí ó bá a lọ ṣàpèjúwe ilé òrìṣà alátẹ̀gùn 18 tí wọ́n gùn, àti bàbá arúgbó kan tí ó wá sun tùràrí níwájú ère. Àwọn àlejò náà kò bá wọn jà. Wọ́n ṣe ìsìn Kátólíìkì lórí ilé òrìṣà náà, wọ́n sì lọ.

Ní ọdún kejì ni Hernán Cortés dé pẹ̀lú ọkọ̀ 11. Bernal Díaz, ọmọ ogun tí ó bá a lọ, sọ pé àwọn onísìn láti ilẹ̀ ńlá kún ibẹ̀ nígbà náà. Cortés ní kí wọ́n kó ère wọn dànù. Wọ́n dá a lóhùn pé òrìṣà àwọn baba wọn ni, pé rere ni wọ́n ń rí lọ́dọ̀ wọn, àti pé bí ó bá fọwọ́ kàn wọ́n, yóò rí ìparun lójú òkun. Ó ní kí a yí àwọn ère náà lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, kí a fi ẹfun kun ibẹ̀, kí a sì gbé ère Màríà àti àgbélébùú igi kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣíkọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn, gbogbo wọn sì ní láti padà sí Cozumel.

Nígbà ìpadàbọ̀ yìí ni Gerónimo de Aguilar bá wọn níbẹ̀, ọkùnrin ará Sípéènì kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ti rì ní 1511, tí ó sì ti ń gbé láàárín àwọn Maya láti ìgbà náà. Ẹnìkejì rẹ̀, Gonzalo Guerrero, kọ̀ láti wá. Ó ti fẹ́ ìyàwó láàárín wọn, ó ti bí ọmọ, ó ti kọ ilà sí ojú, ó sì yàn láti bá àwọn àna rẹ̀ kú. Aguilar di ògbifọ̀ Cortés. Bí ọkọ̀ kò bá jò, bóyá Cortés ìbá ti lọ láìní ẹnu tí yóò fi bá àwọn Maya sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe fífọ́ ère ni ó pa ìlú. Ní 1520, ọkọ̀ Pánfilo de Narváez gbé àrùn ìgbóná dé erékùṣù náà, àrùn tí ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò mọ̀ rí. Ìlú tí àlejò ń wọ́ lọ ni àrùn ń tètè ráyè wọ̀. Ohun tí ó sọ Cozumel di ńlá náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn ikú fún un. Nígbà tí yóò fi di 1570, àwọn tí ó kù ní gbogbo erékùṣù náà kò tó 400. Nígbà tí ó yá, igbó gba ọ̀nà funfun.

ÀWỌN TÍ Ó PADÀ WÁ

Ní 1842, John Lloyd Stephens, ará Amẹ́ríkà, àti Frederick Catherwood, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, dé Cozumel. Wọn kò bá olùgbé kankan níbẹ̀. Àwókù ilé kéékèèké ni wọ́n bá nínú igbó. Ṣùgbọ́n Stephens rí nínú ilé kéékèèké wọ̀nyí ohun tí ilé gogoro kò fi hàn án. Ó rí i pé wọ́n bá àpèjúwe tí àwọn ará Sípéènì kọ sílẹ̀ mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń gbé Cozumel ní 1518 ni wọ́n ń lo ilé wọ̀nyí, baba ńlá àwọn Maya tí ó wà láàyè ni ó sì kọ́ àwọn ìlú ńlá tí ó jọ wọ́n. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ará Íjíbítì ni. Àwọn mìíràn ní ẹ̀yà Ísírẹ́lì tí ó sọnù ni. Ní 1882, ogójì ọdún lẹ́yìn Stephens, Ignatius Donnelly ṣì ń kọ̀wé pé láti Atlantis, ilẹ̀ kan tí òkun gbé mì, ni ọ̀làjú ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àlọ́ Atlantis yìí kò ṣàjèjì sí òǹkàwé Yorùbá. Òun kan náà ni Leo Frobenius gbé dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, nígbà tí ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí kò fẹ́ gbà pé ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni ó ṣe wọ́n. Ní ibi méjèèjì, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, wọ́n sì gbé e fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ní ibi méjèèjì pẹ̀lú, ẹ̀rí inú ilẹ̀ ni ó dá a padà fún olóhun.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń lọ sí San Gervasio mú èyí lọ́wọ́. Kí ó lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn tí ọkọ̀ ńlá ń já sílẹ̀ ní San Miguel tó kún ibẹ̀, kí ó sì mú omi dání àti ohun tí ń lé ẹ̀fọn. Kí ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀nà funfun kí ó tó wo ilé. Níbi tí ó bá rí ìpìlẹ̀, kí ó fi ọkàn gbé òrùlé imọ̀ lé e. Níbi tí ó bá rí òkúta eérú, kí ó fi ọkàn kùn ún ní pupa àti aró. Kí ó má ṣe gun orí ògiri. Bí ẹni tí ń mú un kiri bá sọ ìtàn ère tí ń fọhùn, kí ó gbọ́ ọ dé òpin, kí ó sì bi í pé ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kí ó sì tún fi etí sílẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Maya ti Yucatán lé ní 700,000 ní ilẹ̀ Mẹ́síkò lónìí, òmíràn nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní Cozumel gan-an. Ní 1848, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yucatán kan, àwọn ìdílé tí ó sá àsálà wá tún erékùṣù náà tẹ̀dó, Maya sì wà lára wọn. Ní San Gervasio òní, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń gbálẹ̀ lẹ́bàá Nohoch Nah kò nílò ẹnikẹ́ni láti túmọ̀ orúkọ ilé náà fún òun. Ilé Ńlá ni orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá gíga kan kò lè nàró wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó ni èdè ni ó mọ ohun tí ó mú un tóbi.